Kọ̀ǹpútà Tó Bá Sùn Tí Kì í Fẹ́ Jí

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ní ilé ìpàdé àwọn àgbàlagbà létí èbúté Donggang. Eré ìdárayá ti parí, àwọn ìyá àti bàbá ń nu òógùn, òórùn ọbẹ̀ ẹja àti atalẹ̀ sì ti ń wá láti ilé ìdáná. Pi-yun, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà náà láràárọ̀, ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti pa dé láti aago mẹ́jọ.

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ṣe láàárọ̀ yọ síta. Ṣùgbọ́n ó ti máòsì sọ́tùn-ún, kò lọ. Ó tẹ nọ́ńbà, kò jáde. Kọ̀ǹpútà gan pa.

"Ó tún ti dé o!" ni Pi-yun pariwo. "Bí nǹkan yìí bá ti sùn, kì í fẹ́ jí mọ́."

Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó tàn án padà, kọ̀ǹpútà bi í ní ìbéèrè kan; kò kà á, ó kàn tẹ "tó bá yá". Ìfúnpá àwọn àgbàlagbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kọ láàárọ̀ ti wọmi. Ọjọ́ kẹjọ rèé. Nọ́ọ̀sì sì ń bọ̀ lọ́sàn-án wá wo àkọsílẹ̀ náà, kó lè mọ ẹni tó yẹ kó tètè rí dókítà. Kí ni yóò wá rí wò?

Wọ́n kúkú ti mọ ẹni tó fà á. Tàbí kí n sọ pé wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Àpò ìpanu aláwọ̀ ewé kan máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí gbogbo ọ́fíìsì nílùú wọn ń gbé sórí ẹ̀rọ, torí wọ́n gbà pé ó ń mú kí ẹ̀rọ máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Bàbá Huo-mu, tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló já a, tó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó ní ebi ló ń pa òun. Ọjọ́ kejì ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

"Àgbà bíi tiyín, Bàbá, ẹ wá ń jẹ oúnjẹ kọ̀ǹpútà!" Bí Pi-yun ṣe sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo èèyàn nìyẹn. Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti wọlé, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun, àbí ká gbé máòsì wá fún yín?" Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kò wá mọ́. Ọjọ́ kẹta rèé tí àga rẹ̀ ti ṣófo.

Pi-yun ti ra ìpanu tuntun. Ó ti yí tábìlì kúrò níwájú ilẹ̀kùn, ó sì ti ra ṣájà mìíràn. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ó wá mú fóònù rẹ̀.

"Mo rí àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ló wí. "Wọ́n ní tí mo bá tẹ ibí yìí, ọkùnrin kan á ti ọ̀nà jíjìn wọ inú kọ̀ǹpútà, á sì bá mi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Màmá Chin-luan ló sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ayò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n nínú ilé náà, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Nanzih, tó ń yẹ inú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wò kí wọ́n tó dì wọ́n sínú páálí.

"Ta ni ọkùnrin náà?" ló béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"O ò mọ̀ ọ́n, o wá fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un? Orúkọ wa, nọ́ńbà káàdì ìlera wa, àìsàn tó ń ṣe wá, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣé àpótí aṣọ ìyá rẹ lo lè ṣí sílẹ̀ báyẹn fún àlejò?"

Ojú ti Pi-yun. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Màmá fa àga, ó jókòó. "O yí tábìlì, o ra ṣájà, o gbé ìpanu tuntun lé e, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ká ní ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́, èwo lo fẹ́ sọ pé ó wò ó sàn? Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n á lé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sílé ni. Nǹkan kan la máa ń fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan. Ó yá, fa gbogbo ohun tó so mọ́ ọn yọ."

Pi-yun fa ṣájà yọ. Ó fa máòsì yọ. Ó fa ẹ̀rọ kékeré tó ń ka káàdì yọ, èyí tí àwọn àgbàlagbà ń ki káàdì ìlera wọn bọ̀ tí wọ́n bá dé, kí orúkọ wọn lè wọlé.

"Pa á dé. Ká fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó jí. Pi-yun pàtẹ́wọ́.

"Má tíì yọ̀," ni Màmá wí. "Dá máòsì nìkan padà. Pa á dé."

Ó tún jí. Wọ́n dá ṣájà padà, ó jí. Wọ́n ti ń bu ọbẹ̀, wọ́n ń pe Màmá wá jẹun; ó ní kí wọ́n bo tòun. Wọ́n wá dá ẹ̀rọ tó ń ka káàdì padà, wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ṣí i.

Ó gan pa.

"Olè ti bọ́ sọ́wọ́!" ni Màmá wí. "Ìgbà wo lẹ gba nǹkan yìí?"

"Ti àtijọ́ ló bàjẹ́. Wọ́n mú èyí wá ní ọjọ́..." Pi-yun fi ìka ka ọjọ́. "Ọjọ́ tí Bàbá Huo-mu jẹ ìpanu náà ni, Màmá. Ọjọ́ yẹn gan-an."

Màmá kò pariwo mọ́ ọn. "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ló sọ. "Ìwọ ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kó o tó dá tìrẹ."

Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bóyá kọ̀ǹpútà á yí ọkàn padà. Kò yí i padà. Pi-yun pa á, ó sì tàn án. Ìbéèrè yẹn tún yọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ sí "tó bá yá".

"Dúró ńbẹ̀! Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa ń sún un síwájú ni."

"Ojú ń fọ́ ẹ ni? Kà á."

Pi-yun kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ti tọ́jú ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́ bú sẹ́kún fún ayọ̀, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí orúkọ Bàbá Huo-mu: 146, 153, 159, 167, 174. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo, òfo, òfo.

Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń sọ fún un ni pé, "Ó ga díẹ̀, Bàbá, ẹ lọ sinmi." Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kò sí ẹni tó rí i torí pé wọn kò tíì rí àwọn nọ́ńbà náà pa pọ̀ rí.

"Màmá, kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà lè dúró. Máa lọ bá Bàbá!"

Pi-yun gbé ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, ó fò sórí alùpùpù rẹ̀. Lẹ́yìn ọjà ẹja ni ilé Bàbá Huo-mu wà. Ó bá a tó jókòó nínú òkùnkùn, tó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù wé orí.

"Kí lo wá ṣe?" ni bàbá béèrè. "Ṣé kọ̀ǹpútà tún ní mo jẹ òun ni?"

"Ẹ na apá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

191 ló wà níbẹ̀. Pi-yun tú ẹ̀rọ náà kúrò lápá rẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀rọ tuntun tó ń ka káàdì ló ń mú un gan. Mo ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí."

Bàbá tú táwẹ́ẹ̀lì kúrò lórí. "Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Tí ẹ́ńjìnnì bá dédé ṣàìsàn, ohun tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Àmọ́ o ò bi mí. Ṣe lo bú mi."

Pi-yun fa bàbá lọ́wọ́ dìde, wọ́n sì wọ takisí lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní tó bá fi di ọjọ́ kejì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọn ì bá máa tọ́jú.

Ní ilé ìpàdé, Màmá Chin-luan ti yí ẹ̀rọ káàdì dojú dé, ó ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì tó ti dé bá òun wá àtúnṣe tuntun, fún ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, lójú ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fi sí i, wọ́n mú kọ̀ǹpútà sùn lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì jí lẹ́ẹ̀máràárùn-ún. Ìgbà yẹn ni màmá tó jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń gan nígbà tó bá jí, ẹ má sáré tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ná. Tí ẹ bá tàn án padà, ẹ ka ohun tó bá bi yín kí ẹ tó dáhùn. Ẹ fa gbogbo ohun tó so mọ́ ọn yọ, kí ẹ sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan; ohun tó bá dé tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ojú ìkànnì ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kí ẹ ti gba àtúnṣe, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Bí kò bá sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó sì ṣì ń gan, ẹ gba àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá fi lọ̀ yín, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn. Ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà dé. Ìfúnpá àgbàlagbà sì rèé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Tó bá ti ń gòkè lójoojúmọ́, ẹ má sọ pé "ẹ lọ sinmi". Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ̀rọ bá ṣàìsàn, ara ẹ̀rọ ni kí ẹ ti wá àrùn náà. Àgbàlagbà tí a bá dá lẹ́bi lásán lè má bá wa jà. Ó lè kàn jókòó sílé, kó má wá mọ́.