Ọpẹ́ Aránṣọ fún Àwọn Adájọ́

“Kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́! Kí òǹkọ̀wé wa fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí nínú iṣẹ́ rẹ̀!”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀: ti ẹnu ọ̀nà, ti ilé ìdáná, ti kọ́bọ́ọ̀dù, títí dé ti yàrá ẹ̀yìn tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti ń ránṣọ. Àbúrò náà, atẹ̀wé tó ti lo ọdún méjìdínlógún nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, dúró sí àárín pálọ̀, ó gbé lẹ́tà sókè bí ẹni tó fẹ́ dájọ́ ikú. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú wọn, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“‘Àwa adájọ́ ìdíje ìtàn àròsọ ti ka iṣẹ́ yìí,’” ni ọkọ bẹ̀rẹ̀. “‘Ojú ìwé àkọ́kọ́ gùn jù. Òpè nìkan ló ń fi odidi ojú ìwé kí àlejò kó tó ní kó wọlé! Ìyá inú ìtàn kò sọ̀rọ̀ tó. Bóyá ẹni tó kọ ọ́ kò ní ìyá tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ! Ìparí ń sáré. Kí obìnrin yìí lọ máa fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeré, kó fi ìwé kíkọ sílẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run fún lọ́pọlọ!’”

“Háà! Ó parí!” Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ pàtẹ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo nídìí rẹ̀. “Wọ́n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀! Mo ní kí ẹ sọ fún un!”

Aránṣọ yọ tépù lọ́rùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ṣé wọ́n sọ ibi tí ìparí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré?”

“Wọ́n bú ọ, o tún ń bèèrè ọ̀nà! Ṣé igi ni ọ́ ni?”

“Ẹ má bínú.”

“Tún un ṣe! Kí n bá a lórí tábìlì lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìwé tí o ń kọ nǹkan sí pátá, wàá kó wọn fún mi, n ó dáná sun ún, wàá sì búra níwájú Àǹtí pé o ò ní fọwọ́ kan bírò mọ́ láyé rẹ! O ti kó ìtìjú bá ilé yìí tó!”

Èébú kì í ṣe tuntun létí obìnrin yìí. Ìbúra yẹn ló ṣe é bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Kò bímọ, ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì ní ohun kan láyé tó ń pè ní tirẹ̀ ju ìwé mọ́kànlá tó kó sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sun ìyẹn, kí ló tún kù?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ó ń gbóná nínú mi: lẹ́tà yẹn kò ti ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan wá! Ọkọ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ló sì ń sọ èébú sí i létí bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ wo ìkà!

Bí ìdíje náà ṣe rí nìyí. Ilé ìkàwé ìlú ló ń ṣe é. Bí o bá fi ìtàn ránṣẹ́, àwọn adájọ́ á kà á, wọ́n á kọ̀wé sí ọ, wọ́n á sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. O tún un ṣe, o dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí àgbà adájọ́ tó wá sílé àwọn mẹ́ta tó dára jù, kó bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Lẹ́tà kejì ni èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹni tó bá borí, wọn yóò tẹ ìwé rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lẹ́yìn ìwé. Ọwọ́ ni aránṣọ fi ń kọ ìtàn tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ní òun á bá a tẹ̀ ẹ́, òun á bá a mú un lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó mú un lọ lóòótọ́. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sí i!

Kí ló sọ ọ́ di èyí? Ìlara ni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun náà kọ ìtàn tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bákan náà, pé kó fún kálukú ní ohùn tirẹ̀. Ẹ wò ó, ìmọ̀ràn gidi! Ó fa lẹ́tà náà ya, ó fi ọdún kan gbáko ṣépè fún adájọ́, kò tún ìlà kan ṣe. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òun wo ẹnu àáké, ó sá, ó wá ń dọdẹ oyin ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí lẹ́tà àwọn adájọ́ bá dé sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, á ṣa àtúnṣe inú rẹ̀ kọ sínú tirẹ̀, nítorí kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ìyàwó ló gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìyìn inú rẹ̀, á gbé e mì. Á wá fi èébú rọ́pò, kí obìnrin náà má baà gbórí sókè láé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà mọ ọ̀nà ilé ìkàwé.

Wọ́n sì ti dí ọ̀nà náà dáadáa! Ṣọ́ọ̀bù tó ní lójú títì tẹ́lẹ̀, ọkọ ní ariwo pọ̀ níbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ní irin, ó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Bí aránṣọ bá na rúlà rẹ̀ síta, á kan ògiri náà. Abẹ́ ojú Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni oníbàárà ń gbà wọlé, bí ẹni ìkẹyìn bá sì ti lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn láti ìta, “kí olè má baà wọlé.” Ẹ sọ fún mi, olè wo ló ń gba pálọ̀ yín wọ yàrá ẹ̀yìn?

Inú yàrá yìí ló gbé lẹ́tà náà lọ. Ó sunkún. N kò ní purọ́ fún yín pé kò sunkún. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló ká a lára jù, nítorí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà yìí. Ó sunkún títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lára ògiri. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó sì ṣe ohun tí ìyá náà kọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bí oníbàárà bá gbé aṣọ padà wá, tó ń pariwo pé o ti ba òun láyé jẹ́, má wo ẹnu rẹ̀, aṣọ ni kí o wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi í: “Níbo ló ti fún yín?” Kí o tú ibẹ̀, kí o tún un rán, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbé aṣọ padà kò ní padà wá mọ́. Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí “òpè.” Ó fà á sórí “abẹ́rẹ́.” Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó tún un mú, kó tó fà á sórí èébú ìyá. Gbólóhùn mẹ́ta ló kù: ojú ìwé àkọ́kọ́ gùn, ìyá kò sọ̀rọ̀ tó, ìparí ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ìtàn fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré kan. “Mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ni.”

Atẹ̀wé fò sókè bí ẹni tí iná jó. “Ọpẹ́ kẹ̀! Adájọ́ kì í gba ọpẹ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé à ń bẹ̀bẹ̀ ni? Gbé e kúrò!”

Ó gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó ń bú u, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó ti gbèsè ọpẹ́? Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ilé ìwòsàn nọ́ọ̀sì yìí kò jìnnà sí ilé ìkàwé. Aránṣọ fi lẹ́tà sínú àpò yunifọ́ọ̀mù náà, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún àwọn adájọ́.” Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ tú báàgì nọ́ọ̀sì wò lẹ́nu ọ̀nà, kò rántí pé aṣọ ní àpò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọkọ ní sísun ìwé àti ìbúra ṣì di ẹ̀yìn ìdíje. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ti aránṣọ mọ́lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Àlejò ibi iṣẹ́ ń bọ̀. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ!” Kóòtù tuntun ló wà lọ́rùn ọkọ. Ta ló rán an? Ìyàwó tó tì mọ́lé náà ni!

Àgbà adájọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà ti jókòó, nítorí atẹ̀wé ló pè é kó wá wo ògo òun.

“Ìtàn yìí wọ̀ mí lára gan-an,” ni Ìyá Adájọ́ wí. “Àbúrò tí wọ́n fún ní aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Bí wọ́n ṣe fún un, ó tú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ aṣọ náà. Kí ló dé tó fi tú u?”

Atẹ̀wé wúkọ́. “Ẹ̀n... ìbínú ni, Mà. Ó ń jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ohùn kan bú jáde: “Kì í ṣe ìbínú!”

Ìyá Adájọ́ na ọ̀pá rẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà.

“Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?” ni ìyá náà bèèrè.

“Ológbò ni, Mà!” ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fèsì kíákíá.

“Ológbò tó ń já èèyàn nírọ́? Ṣílẹ̀kùn, kí n rí i!”

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni Àǹtí kì bọ ihò kó tó kan èyí tó tọ́. Aránṣọ jáde, òwú wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ó fẹ́ rí ìlà ni, Mà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń ga, ìyá wọn á tú ìṣẹ́tí, á tún un ṣẹ́. Ìlà ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ kì í parẹ́. Ó fẹ́ ka iye ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà.”

“Irọ́ ni! Ó jí ìwé mi kà ni!” ni ọkọ ké.

Ìyá Adájọ́ yọ bébà kan láti inú báàgì rẹ̀. “Ẹ gbọ́: ‘Ẹ̀yin adájọ́ mi, ẹ ṣé. Ẹ ní mo jẹ́ òpè, mo sì ti gé ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ní bóyá n kò ní ìyá tó kọ́ mi lọ́rọ̀ sọ. Mo ní i, ó ti kú ni, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí ìyá inú ìtàn sọ̀rọ̀ sí i. Èmi, aránṣọ tó kọ ìtàn àbúrò tó tú ìṣẹ́tí.’” Ó gbójú sókè. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe adájọ́, n kò pe ẹnikẹ́ni ní òpè rí! Ẹ̀dà lẹ́tà tí a kọ gan-an nìyí: ‘Ìtàn yìí mú wa lọ́kàn, ẹ má dáwọ́ dúró.’ Atẹ̀wé, ta ló wá kọ èébú yìí?”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a! Atẹ̀wé kúnlẹ̀ gbì. “Iṣẹ́ èṣù ni, Mà! Àǹtí ló kọ́ mi!”

“Èmi kẹ̀?” Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ta gìrì. “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́? Olè! Ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ lo ní kí n wá èébú tó máa dùn ún dọ́kàn!”

“Ẹ tún bú ìyá mi!” Aránṣọ kọjú sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ gba ilé kan. “Ìyá tó bọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò bú mi, mo wá ń rán kóòtù fún ẹni tó bú mi! Ẹ̀yin ni mo sunkún tọ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé. Ẹ gbá mi mọ́ra! Ọwọ́ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ náà ni ẹ fi gbá mi mọ́ra!”

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé dìde, ó gba lẹ́tà èké náà tí aránṣọ fà yọ lápò, ó wò ó sójú ìmọ́lẹ̀. “Bébà mi. Ẹ̀rọ mi. Má tún fẹsẹ̀ kan ilé iṣẹ́ mi mọ́! Ilé tí mo fún ọ gbé yìí náà, kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kó kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún aránṣọ!”

Bó ṣe parí fún un nìyẹn. Ilé ìtẹ̀wé kan kò gbà á mọ́ ní gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lọ gbé yàrá kan ṣoṣo, níbi tí wọ́n ti ń fi èébú tí wọ́n kó jọ fún ẹlòmíràn bá ara wọn jẹun láràárọ̀. Ìwé aránṣọ sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní atẹ̀wé máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí ó má baà rí orúkọ yẹn lójú fèrèsé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Aránṣọ tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìgbànú Àǹtí, ó yọ ti yàrá ẹ̀yìn, ó wọ ibẹ̀, ó sì jù ú gba àárín irin fèrèsé sí ìta. Ìyá Adájọ́ tẹ̀ lé e, ó fa àga, ó tẹ́ ìtàn náà sórí tábìlì ìgéṣọ.

“Ọmọ mi, n kò ní tàn ọ́. A máa kọ orúkọ rẹ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ìparí rẹ ṣì ń sáré.”

“Ṣé ẹ gbọ́!” ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ké láti ẹnu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ lórí. “Mo ní kò mọ̀ ọ́n kọ!”

Aránṣọ kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó jókòó ti ìyá náà.

“Ẹ ṣé, Mà. Níbo ló ti fún yín?”