Obìnrin Tó Jókòó Sórí Ẹrù

Ẹni tó bá fẹ́ lè ní mo sùn, mo lá àlá. Mi ò sùn. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, ojú mi méjèèjì ni mo sì fi rí i.

Ọdún 1975 ni. Àwa tí à ń lọ Mẹ́kà láti Ìlọrin ti dé Kánò, ọkọ̀ òfuurufú sì ti kún. Àbúrò bàbá mi, Abdulmumini, pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn. Wọ́n ní kí Ìyá Husseinat, opó tó ń ta iṣu lọ́jà Ìpàtà, sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Mo ní kí wọ́n fún ìyá náà ní àyè tèmi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní èmi ni màá máa bá àwọn àgbà gbọ́ èdè òyìnbó.

Ìyá náà kò sunkún. Kó tó kúrò nílé, ó ti lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, ó ń bẹ tọmọdé tàgbà kí wọ́n yáfi òun, kí wọ́n forí ji òun, bí a ti máa ń ṣe ká tó lọ Mẹ́kà. Ó kàn gbé ẹrù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá," mo ní fún Abdulmumini, "ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yáfi yín ká tó gbéra."

"Tá a bá padà dé. Jókòó jàre, tíṣà."

Lókè, wọ́n ní ká ti fèrèsé, kí sinimá lè bá wa dín ọ̀nà kù. Òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rọ sinimá ń kùn lẹ́yìn wa. Lára aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú, àwọn òyìnbó ń fi ẹṣin sáré.

"Ẹṣin wo nìyí?" bàbá àgbà kan ní. "Ẹ mú un wá sí Ìlọrin, kó wá rí ẹṣin!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láàárín èrò tó ń wòran ẹṣin, obìnrin kan jókòó sórí ẹrù. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Sinimá kejì, etí òkun ni. Ó wà níbẹ̀. Ó ti sún mọ́ wa. Mo mọ àdìrẹ tó fi di ẹrù náà.

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ òsì."

"Mo ti ń wò ó," ó ní. "Látìgbà ẹṣin."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Òkun pòórá. Obìnrin náà yíjú padà. Ìyá Husseinat ni. Ó ń fi ojú wá nǹkan láti ìlà ìjókòó kan dé èkejì. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi, ó dúró síbi tí bàbá wà.

Iná tàn. Àwọn yòókù ní òkun ni àwọn wò títí tó fi parí.

Nígbà tá a padà sí Ìlọrin, bàbá kò yà sílé. Ìpàtà la gbà lọ. Ìyá Husseinat wà nídìí iṣu rẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ìyá Husseinat, yáfi mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Kò wò ó. Èmi ló kí.

"Àbùbákàr, káàbọ̀. Mo rí yín lára ògiri mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ jókòó ní ìlà-ìlà nínú òkùnkùn. Mo ń wá àyè mi."

"Ṣé ẹ rí i, Ìyá?"

"Mo rí i. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀."

Ó nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára iṣu kan. Ojú rẹ̀ gba orí bàbá kọjá lọ sójú ọ̀nà.

"Àbúrò bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni?"

"Èmi rèé," bàbá ní. Ó fọwọ́ kan etí aṣọ ìyá náà. "Ìyá Husseinat, èmi rèé."

Èmi ni ìyá náà ṣì ń wò. Ó ń retí èsì.