Yánrin Kì í Ṣe Yanrìn

Ìjà ló da Ọmọ́ṣẹ̀yìndé àti Fẹ́yìsetán pọ̀. Ká ní ẹnìkan sọ fún Ọmọ́ṣẹ̀yìndé lọ́jọ́ náà pé obìnrin tó ń na ìka sí i bí ẹni tó jí adìẹ gbé yìí ni yóò fẹ́, ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá fi lé onítọ̀hún dé ìlú Ìbà.

Bíríkìlà ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ará Ìkìrun. Fẹ́yìsetán, tíṣà kan ní Inísà, ló gbé iṣẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé fún un, nítorí ewúrẹ́ àdúgbò kò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ yánrin tó gbìn síbẹ̀ sinmi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin náà lọ sí Òkukù, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti ọ̀hún: "Boda, e ba mi bu omi si yanrin eyinkule. E ma je ko gbe." Kò fi àmì kankan sórí rẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bíríkìlà ni, yanrìn kan ṣoṣo ló mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bárò kó èyí tí ọkọ̀ tipa já síwájú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni, ó sì dà á sórí ewé kan tó pè ní koríko. Ó pọn omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ó da gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

Nígbà tí Fẹ́yìsetán dé, ó figbe ta.

"Yánrin mi dà?"

"Òun rèé, Àǹtí. Mo bomi sí i dáadáa."

"Yanrìn nìyí! Yánrin mi ni mò ń bi yín! Ẹ̀fọ́ mi!"

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé na fóònù rẹ̀ sí i. "Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á."

"Ṣé ẹ ò lọ síléèwé ni?"

Ibi tó ń dun bíríkìlà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bà. Pírámárì kẹrin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ó tán. O ò ní rí mi mọ́."

Ó gbé ìbínú náà sùn, ó gbé e jí. Ní ọjọ́ kẹrin, Fẹ́yìsetán wá bá a níbi iṣẹ́ ní Ìkìrun, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn lébìrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ ọ́ tí kò fi yé yín."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì í sọ náà ni?"

"Rárá. Kó lè dùn yín ni mo ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Kò sẹ́ni tó tíì bẹ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé láìpurọ́ rí. Ó ní òun ò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti wà ní Inísà.

"Yanrìn mi ni mo wá kó," ó wí, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ má fi ṣọ́bìrì kó o. Ẹ ó gé gbòǹgbò."

Ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń wa á. Ewé ti rà, ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹ́yìsetán fi èékánná ha gbòǹgbò kan, oje funfun jáde.

"Kò kú!" Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ògiri tí kò gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ gba oṣù méjì. Fẹ́yìsetán kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bomi rin yánrin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sí i nídìí, àti bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ewé rẹ̀ láìfa gbòǹgbò tu.

"Tètè já òdòdó yẹn, olólùfẹ́ mi. Bó bá ti tanná, yóò korò jù."

"Ṣé ó máa korò tó ẹnu rẹ?"

Fẹ́yìsetán fi omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n ọn. Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀.

Àmọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì lọ sọ fún Ìyá Fẹ́yìsetán, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, pé àwọn fẹ́ fẹ́ra, kò fẹ́ gbọ́.

"Ọmọ mi tó gboyè, bíríkìlà tó sá kúrò ní pírámárì ló fẹ́ gbé e?"

"Mi ò sá, Màmá. Bàbá mi ló kú."

Síbẹ̀, ìyá kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé dìde, ó ní òun ò tún tẹ ilé náà mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ òun.

Fẹ́yìsetán sáré bá a dé ibi tó ń wọ ọ̀kadà.

"Ọjọ́ Àìkú ni ẹbí mi máa pé jọ lórí ọ̀rọ̀ wa. Bí o ò bá wá, má wá mọ́ láé."

"Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀ mí."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì ní bẹ̀ ọ́. Mo mọ ìyá mi. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ìbínú rẹ?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè jẹun. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń mú fìlà lọ síbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá, gbogbo ẹbí ń wò.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Èmi ò tíì dárí jì yín, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ yín ju ìbínú mi lọ."

Fẹ́yìsetán fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ ọmọ olórí kunkun yìí," ìyá wí. "Ẹnu mi yá jù lọ́jọ́ náà. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dìde. Bá a bá máa bínú síra wa, ká kúkú máa bínú bí àna."

Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí oúnjẹ dé, ìyá bu ẹran mẹ́ta lé ti Ọmọ́ṣẹ̀yìndé láìwo ojú rẹ̀. Òun náà kò wojú ìyá.

"Ẹ ṣé, Màmá," ó wí, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán.