Ọkọ Tí Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

"Àǹtí, ìyà wo lẹ ti jẹ rí, tó jẹ́ pé torí ẹ jẹ́ obìnrin ni?"

Àǹtí Ọlákẹ́mi dáwọ́ dúró lórí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó rẹ́rìn-ín. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn, Títílọlá? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn gan-an nìyẹn. Ọdún 1986 ni, Títílọlá sì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan nílùú Enugu. Olùkọ́ wọn, Dókítà Nwakaego, ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń torí àwọ̀ ara, ẹ̀yà àti jíjẹ́ obìnrin yan ènìyàn jẹ. Kódà, ó máa ń la ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ mọ́lẹ̀ ní kíláàsì, tí bàbá Títílọlá fi sọ pé bí ayé bá máa bàjẹ́, yunifásítì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wọ ọmọbìnrin yìí lára. Ó ti rí i pé ayé kò gún, ó sì fẹ́ tún un ṣe tán kí òun tó pé ọmọ ogún ọdún! Olùkọ́ ti ní kí kálukú kọ ìtàn obìnrin kan tí wọ́n yàn jẹ. Èyí tó bá dára jù ni wọn yóò kà ní gbọ̀ngàn ńlá.

Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àǹtí Ọlákẹ́mi, àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Uwani. Òun ló ń di irun fún Títílọlá láti kékeré. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àárín àwa méjèèjì ni o. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, kí n tó bí Kọ́lá, mo wá oyún títí, mi ò rí i. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi lé mi jáde. Wọ́n gbá mi létí, wọ́n da ẹrù mi sínú òjò, wọ́n ní obìnrin tí kò bímọ kò níṣẹ́ kankan nínú ilé àwọn."

Ẹnu ya Títílọlá. Kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i, ilẹ̀kùn ṣí, Bùọ̀dá Dúrójayé, ọkọ Àǹtí, ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé. "Títí, ọmọ mi, ṣé ìwé ò le jù?" Títílọlá kúnlẹ̀ kí i. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Edith ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edith pàtẹ́wọ́. "Titi, dis one go make dem cry! Just change her name."

"She say make I no tell anybody."

"So dem go dey beat women, make we keep quiet?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àtẹ́wọ́ inú gbọ̀ngàn ni Títílọlá ti ń gbọ́. Kò padà lọ gbàṣẹ, kò sì padà lọ béèrè ohunkóhun. Ó kọ ìtàn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó yí orúkọ padà, àmọ́ kò yí i padà pé òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọkọ, tíṣà ní Uwani sì ni ìyàwó. Mélòó ni irú wọn ní Enugu?

Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n mú. Àwọn kan sunkún nígbà tó ń kà á, inú rẹ̀ sì dùn dé gongo. Kò mọ̀ pé àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ Yorùbá wà lórí ìjókòó. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ń gbójú kúrò lára Bùọ̀dá Dúrójayé, wọ́n sì ń pè é ní alùyàwó níbi iṣẹ́. Ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà, wọ́n pe Títílọlá àti àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Súnmọ́lá, alága ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Dúrójayé, ṣé o lu ìyàwó rẹ, o sì lé e jáde?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án rí, sà."

Títílọlá fò dìde. "Irọ́ ni! Àǹtí fúnra wọn ló sọ fún mi. Wọ́n ní, 'Ọkọ mi lé mi jáde.'"

Ìyá Títílọlá káwọ́ lérí. "Yéè! Títílọlá, ṣé o ti gbọ́ kó pe ọkọ rẹ̀ ní 'ọkọ mi' rí? Bàbá Kọ́lá ló ń pè é. Gbogbo ọmọ ilé ọkọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún ìyàwó!"

Enugu ni wọ́n bí Títílọlá sí, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ jìnnà, kò sì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ pe obìnrin kankan ní ọkọ rí. Ó rọra padà jókòó.

Àǹtí Ọlákẹ́mi ń sunkún. "Àǹtí Oyèbísí ni mò ń wí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kọ́lá. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Enugu níbí ni Bàbá Kọ́lá wà nígbà yẹn, wọn ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà?" Ohùn Bùọ̀dá Dúrójayé ti yí padà. "Ọlákẹ́mi, lọ́jọ́ tí o bá mi ní Enugu, o ní àárò mi ló ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn."

Bùọ̀dá dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Òótọ́ ni pé orúkọ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ kò ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, kò sì bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré bíi tẹ́lẹ̀. Títílọlá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, lẹ́yìn náà ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Àǹtí Ọlákẹ́mi. Ojú tì í débi pé kò rántí pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, mo ti dárí jì ọ́," ni Àǹtí wí. "Ẹni tó lù mí kò bi mí léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìwọ bi mí léèrè, mo sì sọ ọ́ fún ọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tó ohun tí à ń jà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbèjà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé, kó sì gbàṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́.