Nọ́ńbà Tí Kò Dá Eèrà Lójú

"Bọ̀dá, ó ti ṣiṣẹ́ o!"

Eèrà fò sókè. Ọmọdébìnrin náà kéré lára, kì í sì í sinmi, ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsinmi, ó máa ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bọ̀dá, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ẹ̀rọ amúnimí, tó ń ran bàbá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ láti mí nílé, ni wọ́n ń tún ṣe yìí. Eèrà ló kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa kọ́kọ́ kà bí iná bá dé. Ara ẹ̀rọ àtijọ́ kan ló ti dà wọ́n kọ.

Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ìwọ̀n iná tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà máa gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Kò dá mi lójú. Ẹ bi àwọn tó ṣe é."

Eèrà fẹ́ béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kíámọ́sá, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Bọ̀dá á kàn sọ pé o ò mọ nǹkan kan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà rẹ́, ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ dá ọ lójú?" Bọ̀dá béèrè.

"Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà sílé; bàbá àgbà ń mí dáadáa, ó ń pe Eèrà ní "dókítà mi." Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú ganrínganrín, iná lọ, ó sì padà dé. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnimí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Eèrà tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ sáré lọ wá ọkọ̀. Kó tó dé, ọwọ́ bàbá ti rọ lọ́wọ́ Eèrà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Bọ̀dá sunkún, kò lù ú. Àwọn méjèèjì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé: iná tí nọ́ńbà náà sọ kéré jù, ọpọlọ ẹ̀rọ kò lè jí bí ooru bá mú. "Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè," ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Eèrà bú sẹ́kún.

"O ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni Bọ̀dá wí. "Èmi náà jẹ̀bi, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n o ní ó dá ọ lójú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, abéèrè kì í ṣìnà. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; irọ́ tí a fi ń bò ó ló ń pani.