Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn Bùsàrí

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Apo, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì. Bùsàrí tó ń tún ara mọ́tò ṣe gbé omi ọṣẹ, ó ń fọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń wò ó.

"Bùsàrí, kí lò ń fọ̀ tó báyìí?"

"Àmì ni, Màmá. Àwọn tó wọ ẹ̀wù tó ń kọ mọ̀nà ló kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ wó ilé wa ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe sàmì sí ṣọ́ọ̀bù mi kí katapílà tó wá wó o?"

"Ọ̀dà pupa nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì tí òjò lè fọ̀ lèyí. Ta ní ń fi ṣọ́ọ̀kì wó ilé? O bi wọ́n?"

"Kí n bi wọ́n kẹ̀! Gbogbo àdúgbò ló tilẹ̀kùn. Èmi àti Bámiṣayọ̀ ọmọ mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Akọni! Ìwọ àti ọmọ ọwọ́ jọ sá pamọ́."

Ibẹ̀ ni Hadassah, ọmọ ọmọ Màmá tó ń kọ́ nípa àjọṣe iléeṣẹ́ àti aráàlú ní yunifásítì, bá wọn. Ó rí àmì náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, àwọn tó ń kán oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu ni. Àmì ilé tí wọn ò ti rí ọmọ ni wọ́n kọ yìí. Ọ̀la ni wọ́n ń parí."

Màmá ò fi Bùsàrí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó rántí Akin àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, tó ń fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré.

"Ṣé wọn ò lẹ́nu ni? Ta ní ń kọ nǹkan sára ilé onílé láìkí onílé?"

"Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ lórí rédíò, Màmá."

"Ta ló wá lè dá rédíò lóhùn?"

"Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa gan-an nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ èsì, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Hadassah gbé fóònù, ó wá Festus, ọ̀gá àwọn alájẹsára náà, kàn, ó sì ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Festus bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó jókòó sórí táyà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí la ṣe tí ẹ fi ń sá fún wa?"

"Yauwa, o káre! Ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn."

Bùsàrí sọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Festus di orí mú: "A ò mọ̀ rárá." Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ṣéhù, olórí àwọn mẹkáníìkì. Òun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ló ṣíwájú wọn, tó ń kí ilé dé ilé, tó ń sọ pé àjẹsára ni, wọn ò wá wólé. Ni ilẹ̀kùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Wọ́n kán oògùn sí Bámiṣayọ̀ lẹ́nu, ó fajú ro. Bùsàrí fúnra rẹ̀ ló na ṣọ́ọ̀kì sí Festus.

"Ó yá, ẹ kọ ọ́ pé ẹ rí ọmọ. Ẹ kọ ọ́ kó hàn o! Mi ò ní fọ̀ ọ́ mọ́."

Ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè kí ẹ tó sá, ẹ má sì gbé ọmọ pamọ́ fún àjẹsára. Ẹ̀yin iléeṣẹ́, ẹ wá kí wa kí ẹ tó nílò wa, kí ẹ sì jókòó gbọ́ èsì. Ẹni tó mọ ohun tí à ń bẹ̀rù la máa ń ṣílẹ̀kùn fún.