Ọwọ́ Ààwẹ̀ Kọ́ Ni Ọwọ́ Ọdún

Mo fẹnu kan irin: òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀rọ tó ń la ìrókò la ètè mi. Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi Àkànjí tí mo ru odindi gẹdú láti Òjòwò dé Òru, tí mi ò sọ ọ́ kalẹ̀ mu omi.

Òyìnbó tó ni ilé ìlàpákó tí a ti ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ àtíbàbà gígùn kan sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó tẹ́ pákó dídán sí i nílẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń yí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Eléyìí le, ó dúdú, ó wúwo bí orí erin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti gbé orí erin rí. Ihò mẹ́ta ló wà lára ẹ̀: ìka méjì ń wọ méjì, àtàǹpàkò ń wọ ẹ̀kẹta. Èèyàn á fì í, á yí i lọ kó lọ gbá àwọn igi tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ṣubú.

Torí pé àtàǹpàkò ò dọ́gba, òyìnbó kó òrùka rọ́bà gbọọrọ sínú agolo, àwọn kan fẹ̀, àwọn kan há. Kálukú á ṣa èyí tó bá a mu, á kì í bọ ihò àtàǹpàkò bọ́ọ̀lù tiẹ̀, á fi oje igi rọ́bà lẹ̀ ẹ́. Bó bá ti gan, ó tán nìyẹn, àfi kí wọ́n fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Mùbàṣírù ọ̀rẹ́ mi mọ bọ́ọ̀lù yẹn yí, èmi nìkan ló jù ú lọ. Ó ti jáde iléèwé Mọ́dà tí ìjọba Wẹ́sítàn dá sílẹ̀, ó ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Asimawu ìyá ẹ̀, tó ń ta epo pupa, kì í gbàdúrà méjì: kí Ọlọ́run jẹ́ kóun rí ọmọ òun nídìí bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Àwọn ará Mákùn-Omi fẹ́ wá bá wa figa gbága lọ́jọ́ kejì ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ìdánwò Mùbà sì máa tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì ìyẹn. Ààwẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó gbé agolo òrùka wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ìka ẹ̀ ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ó ki èyí tó há bọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí.

Ìyá ẹ̀ tú ìṣẹ́tí aṣọ ẹ̀, ó yọ òrùka fàdákà ọwọ́ ẹ̀ jáde.

"Mùbà, wo èyí. Bí ààwẹ̀ bá ti wọlé ló máa ń yọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ọdún bá dé, màá tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọṣẹ tì í wọlé. Ọwọ́ ààwẹ̀ kọ́ ni ọwọ́ ọdún, ọmọ mi. Mú èyí tó fẹ̀ díẹ̀."

Mùbà gbọ́. Ó mú èyí tó fẹ̀. Àfi bí Ọláníyọnu, tó ń yí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wa, ṣe ya ibẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ti àwọn bàbá arúgbó lo mú yẹn? Bọ́ọ̀lù á fò lọ́wọ́ ẹ lójú àwọn ará omi. Ọkùnrin kì í lo èyí tó ń mì."

Mùbà wo ìyá ẹ̀, ó wo Ọláníyọnu. Ó dá èyí tó fẹ̀ padà sínú agolo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi oje rọ́bà lẹ èyí tó há mọ́nú ihò.

Ọdún dé. Ìkọ́kọrẹ́ ń lọ, ẹran ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará Mákùn fi lọ́rì dé, èrò kún àtíbàbà. Mùbà mú bọ́ọ̀lù, àtàǹpàkò ẹ̀ ò wọlé. Ó fi òrí pa á, ó tún tì í. Mo ní kó gba bọ́ọ̀lù tèmi, ó kọ̀. Adémúyìwá, olórí àwọn ará Mákùn, sọ̀rọ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

"Ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni, tẹ́ ẹ fi ń kun òrí? Bí ò bá lè yí i, kó lọ jókòó ti ìyá ẹ̀."

Mùbà fi agídí ki ìka náà bọ̀ ọ́. Ó sáré, ó fì í. Bọ́ọ̀lù fẹ́ lọ, àtàǹpàkò ò tú u sílẹ̀. Ó wọ́ ọ ṣubú lórí pákó. Mo gbọ́ bí eegun ọwọ́ ẹ̀ ṣe kán. Ibí yìí, mi ò fi nǹkan kan kún un: ó dún bí igi ìdáná gbígbẹ.

Ọ̀bẹ la fi họ rọ́bà yẹn ká tó rí ọwọ́ ẹ̀ yọ. Ìyá ẹ̀ dé. Ó kàn fi gèlè ẹ̀ wé ọwọ́ ọmọ ẹ̀, wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó lọ sí ìdánwò o, tòun ti ọwọ́ dídì. Ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n ń gba ìwé, kò tíì kọ ojú ewé kan tán. Èmi ni mo mú un délé. Ohun tó sọ fún mi lọ́nà ò ju èyí lọ:

"Gbogbo ìbéèrè yẹn ni mo mọ̀, Àkànjí. Ọwọ́ ni ò sí."

A bá ìyá ẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ, ó mú òrùka fàdákà yẹn, ó ń tì í sọ́wọ́ ara ẹ̀. Ó há níbi oríkèé. Ó fi itọ́ pa á, ó rọra yí i títí ó fi wọlé. Ibẹ̀ ni Mùbà ti jókòó sílẹ̀, tó sunkún bí ọmọdé. Ọdún tó ń bọ̀ ló tó lè tún ìdánwò yẹn ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹni tó bá fi ẹnu ọ̀rẹ́ wọn ìka, ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi jìyà. Ọláníyọnu tó rẹ́rìn-ín yẹn, gbogbo ìka ẹ̀ ló pé.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo fi ìka kékeré gbé bọ́ọ̀lù yẹn, mo yí i báyìí, ó gbá gbogbo igi ṣubú, ó já ògiri, ó dọ́nà Àgọ́-Ìwòyè, àwọn èèyàn ń yà fún un…

Àgbàlagbà kan láàárín èrò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: "Àkànjí, ti Mùbà yẹn ti tó wa. Dìde, máa lọ sílé."